Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Tẹ̀ka fún Aṣọ́lé

Òórùn fóòmù tó ti mu òógùn yó ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà náà, kì í ṣe àkùkọ, kì í ṣe ìpè àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sístà Ṣẹ̀rífá, ló ni fóòmù ọ̀hún. Ó gé e lára mátíráàsì àtijọ́ kan, ó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dè é mọ́ ojúgun méjèèjì, òun ló sì fi ń dènà bọ́ọ̀lù họ́kì ní pápá iléèwé. Tó bá ti ibi ìdánrawò dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á sá a sójú fèrèsé yàrá wa. Bí oòrùn bá ti wá kàn án láàárọ̀ báyìí, òórùn rẹ̀ á wọlé wá bá mi lórí ẹní. Mo máa ń sọ fún un pé fóòmù rẹ̀ ń rùn bí òbúkọ tí òjò pa. Òun á ní kí n lọ fi imú mi pamọ́ síbòmíì.

Ilé Ìyá Àgbà là ń gbé, ní Lotto, ní Mowe, níbi tí ariwo ọkọ̀ márosẹ̀ kì í ti í dákẹ́. Bàbá wa, Àkànní, ti kú. Ìyá wa ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ifo, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń ráàyè wálé. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá wa, ló ń tọ́ àwa méjèèjì. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kékeré nígbà náà ẹ ó rántí bí Mowe ṣe ń di ìlú lójú wa: lónìí oko ẹ̀gẹ́, lọ́la búlọ́ọ̀kù, lọ́tùnla ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè. Àwọn ará Èkó ń ra ilẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tà á, àwa ọmọdé ń fi òkìtì yanrìn wọn ṣeré.

Fún ẹni tí kò bá mọ họ́kì, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ọsàn kékeré lọ, àmọ́ ó le bí òkúta. Tíṣà kan ló kó o wọ iléèwé wọn. Nígbà tí gbogbo àwọn ọmọ yòókù ń du igi, ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ dúró sílé, láàárín òpó méjì, kí wọ́n máa gbá a bọ̀ wá bá òun. Mo rò pé orí rẹ̀ kò pé. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi ń wá wò ó láti ibi tó jìnnà.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Ìyá Àgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yọ ìwé jáde níwájú rẹ̀, á ká àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú ìkúùkù. Ìbáà ṣe ìwé iná mànàmáná, ìbáà ṣe ìwé pélébé tí àwọn tó ń lọ sí Kámpù àdúrà ń pín, kò sí èyí tí kò ní ká a fún. Kí wọ́n tó bí mi, ó ní oko kan létí márosẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gbé ìwé wá bá a, wọ́n ní ìjọba fẹ́ mọ iye igi tó wà níbẹ̀ ni. Ó tẹ̀ka sí i. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò tíì tó wú tí katapílà fi dé. Ilé epo ló wà níbẹ̀ nígbà tèmi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la sì ń gbà lọ síléèwé. Ìyá Àgbà kì í wo ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ó ti búra pé ìka òun kò ní kan ìwé mọ́ láyé. "Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí," á ní, "tó bá rí ekòló, á sá."

Èmi wá di akàwé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, kíkà Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sì ń fi yangàn. Tó bá ti nawọ́ ìwé sí mi, á sọ pé, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Sístà Ṣẹ̀rífá dé, kò tiẹ̀ sá fóòmù. Ó fà mí sẹ́yìn ilé. Ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ gbà á. Wọ́n á fún un níbùsùn, wọ́n á máa san owó iléèwé rẹ̀, wọ́n á sì máa fún un lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹni tó ń tọ́ ọ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Ìyá wa ti ní ẹnu òun kò gbà á: "Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ, òun náà ni kó tọwọ́ bọ̀ ọ́." Bí Ìyá Àgbà bá kọ̀, ẹlòmíì tó wà ní Ibafo ni wọ́n á mú. Mo rí i pé omi ti lé sójú rẹ̀. Ní tèmi o, ohun tó gbà mí lọ́kàn ni "tọwọ́ bọ̀wé." Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é rí. Mo fẹ́ mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń wọnú ìwé tí ìwé kò fi ní í ya.

Kóòṣì ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin ni, ó ró ìró lé ṣòkòtò eré ìdárayá rẹ̀ nítorí Ìyá Àgbà, ó sì kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Ọmọ yín yìí ò kéré o. A fẹ́ kó wá máa ṣe aṣọ́lé fún wa ní Abẹ́òkúta."

Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Aṣọ́lé? Ilé ta ló fẹ́ ṣọ́? Ṣé ọkùnrin ti tán ní Abẹ́òkúta tí obìnrin fi fẹ́ máa ṣe mẹ́gáàdì? Ọmọ Àkànní tèmi ò ní ṣọ́ ilé olówó kankan!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Sístà Ṣẹ̀rífá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe: igi méjì lóròó, ọ̀kan nídàbúú, àwọ̀n lẹ́yìn.

"Ilé tí kò lórùlé," ni Ìyá Àgbà wí, "tẹ́nì kankan ò sùn síbẹ̀. Òun ni wọ́n ń ṣọ́?"

Ó dìde. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó gbé àpótí tó fi ń jókòó, ó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó gbé e kalẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ó sì jókòó, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. "Ilé tèmi rèé. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Kó ṣọ́ ọ kí n rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, bọ́ọ̀lù yìí le gan-an o."

"Ṣebí o ní ó mọ̀ ọ́n ṣọ́?"

Kóòṣì wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi lọ mú fóòmù rẹ̀ wá, ó dè é, Kóòṣì fún un ní akoto tó ní irin lójú àti ìbọ̀wọ́, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ fara mọ́ ara igi ìbẹ́pẹ. Mo fẹ́ kígbe pé kí Ìyá Àgbà dìde níbẹ̀, àmọ́ Kóòṣì ti gbé igi rẹ̀ sókè.

Àkọ́kọ́, Kóòṣì rọra ta bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ta ìṣin. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gbá a nìyẹn?" ni ohùn kan wí látinú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì le. Ó dún gbì lára fóòmù, eruku sọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mi ò lè gbàgbé. Kóòṣì ti gbàgbé pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ọmọ náà, tàbí kó jẹ́ pé ó ti pinnu láti gbà á gbọ́. Bọ́ọ̀lù gbéra nílẹ̀, ó ń lọ tààrà síbi orí Ìyá Àgbà. Sístà Ṣẹ̀rífá fò. Ara rẹ̀ nà gbọọrọ láti òpó ilẹ̀kùn kan dé ìkejì, bọ́ọ̀lù bà á ní àtẹ́lẹwọ́, ó já sílẹ̀ lórí ìloro, ó dúró síbẹ̀.

Ìyá Àgbà kò ṣẹ́jú. Mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n wò. Ẹni tá a jọ ń ja ìjà ẹran lórí ọbẹ̀, tó ń hanrun sí mi létí, òun ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, tó fi ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún Ìyá Àgbà. Títí dòní, mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ mú ìwé yín wá," ni Ìyá Àgbà wí.

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i kó lè kà á, Ìyá Àgbà ní rárá, ojú ẹni tí nǹkan ń wù kì í rí gbogbo ara nǹkan náà. Ó ní kí wọ́n fún mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn: ibi tó máa sùn, iléèwé tó máa lọ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ́ kó wálé. Ìyá Àgbà ń mi orí. Ìkúùkù rẹ̀ wà lórí itan, àtàǹpàkò wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó tán, mo kan ọ̀rọ̀ gígùn kan tí mi ò rí rí. Mo pè é síkùn, kò yé mi. Sístà Ṣẹ̀rífá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Òun mọ̀ ọ́n. "Fò ó," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Fò ó, jọ̀ọ́."

Mi ò lè sọ pé ìwà rere ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù Ìyá Àgbà ló bà mí. Mo ní, "Ìyá Àgbà, mi ò mọ èyí."

Kóòṣì gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó sì ṣàlàyé, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá fara pa débi tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ìwé náà parí nìyẹn, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ bojú.

"Ẹ ó gbà á ní odindi," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹ ó wá dá a padà fún mi ní àbọ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ó tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá."

"Màmá, èmi kọ́ ni mo kọ ìwé yìí."

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Ṣé kò ní fóònù ni?"

Kóòṣì rìn lọ sí etí márosẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, ó gun orí òkìtì yanrìn kan, a ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Sístà Ṣẹ̀rífá kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Nígbà tí Kóòṣì dé, ó ní wọ́n ti gbà, ó yọ báírò, ó kọ ìlà kan sétí ìwé, ó buwọ́ lù ú. Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀.

Ìyá Àgbà fọwọ́ pa mí lórí. "Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìkúùkù rẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò wọnú ìwé. Omijé rẹ̀ kan ló já sí i, Kóòṣì sì fi etí ìró nù ún.

Ní ọdún kejì, bọ́ọ̀lù ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn ọwọ́. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti ní kó máa di ẹrù rẹ̀. Kóòṣì ṣí ìwé, ó fi ìlà báírò yẹn hàn wọ́n, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Sístà Ṣẹ̀rífá padà sẹ́nu ilé, ó ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìgbà tó ń di ìgbálẹ̀ tuntun mọ́ ẹrù tó ń gbé lọ sílé ọkọ ló tó sọ fún mi pé inú òun dùn pé mi ò fò ó.

Ìyá Àgbà ti lọ. Èmi náà ti di àgbà tó ń wọkọ̀ lọ síṣẹ́ ní Èkó láàárọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo ríṣẹ́ tuntun, ọ̀gbẹ́ni kan sì gbé ìwé olójú-ewé mẹ́sàn-án síwájú mi. Ó ní, "Ẹ kàn tọwọ́ bọ̀ ọ́ níbí, àti níbí, àti níbí." Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mi ò kàwé tó. Mo buwọ́ lu ti àkọ́kọ́ láìka nǹkan kan. Bí mo ṣe ń ṣí èkejì, mo rí ọwọ́ mi òsì lábẹ́ tábìlì. Mo ti ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìkúùkù. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Ojú tì mí níwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan. Mo gbé báírò kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ n kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀."