Òfin Kẹsàn-án Nínú Ìwé Tẹ́ńdà Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi ní gbogbo Ìdí-Àràbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí mo ṣe rò ó nínú ara mi nìyẹn. Mo wà ní ìwé kẹrin ní girama, mo máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún gbogbo ilé tí à ń gbé, àwọn àgbàlagbà á máa mi orí. Ẹni tí wọ́n bá ti ń mi orí fún láti kékeré, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gé aṣọ rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, á sì bá a mu régí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, maṣíìnì mẹ́rin, ọmọṣẹ́ mẹ́fà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó lè bá a lọ sí Kánò kó má dé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ló ń dá sáré káàkiri.

Lásìkò yẹn, ogun ti parí, owó epo ti dé, ìjọba àpapọ̀ ń kọ́lé, ó ń la títì, ó ń ra oríṣiríṣi nǹkan. Gbogbo ẹni tó bá ti ní báàgì aláwọ kan lọ́wọ́ ló ń pe ara rẹ̀ ní kọngílá. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gba iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ìjọba, á wá kó o fún ìyá mi rán. Ọkùnrin náà ò mọ ojú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé, ọwọ́ ìyá mi ló wà nínú iṣẹ́. Tó bá dé, orí àga tó dára jù ló máa jókòó sí, á fa aṣọ wò, á ní èyí ò dáa, ẹ tú u, ẹ tún un rán. Ìyá mi á dákẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi dákẹ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ wa sọ fún un pé ìjọba àpapọ̀ ti kéde nínú ìwé ìròyìn: wọ́n ń wá ẹni tó máa rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi tẹ́ńdà sílẹ̀, ìyẹn ni pé kó kọ iye tó máa gbà sínú ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó jù ú sínú àpótí wọn. Ìyá mi gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi náà wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn?"

Kọngílá wa gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó lọ ṣòfófó. Ó wọlé, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ìyá, wọ́n ní ẹ fẹ́ bá mi du iṣẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi lè ju ìwé yín sínú àpótí yẹn, aṣọ tó wà lórí maṣíìnì yín báyìí ni ìgbẹ̀yìn tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ mi." Ó bá jáde. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí la fi ń jẹun, òun náà la fi ń rán mi nílé ìwé. Bí ìyá mi bá fi tẹ́ńdà sílẹ̀ tí kò rí i gbà, àtìyẹn àtèyí ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi kàn wo àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ránṣọ wọn, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ gba ìwé tẹ́ńdà wá.

Ìwé náà nípọn bí búrẹ́dì. Wọ́n ń béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, wọ́n ń béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, wọ́n tún fẹ́ aṣọ kan tí a máa rán bí àpẹẹrẹ. Wàhálà ọ̀tọ̀ ni ti orúkọ. Orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló fi ń san owó orí láti ìgbà tó ti dé Èkó, orúkọ ọkọ ló fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, la bá ní láti lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé èèyàn kan náà ni wọ́n. Inú bí ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo dúró níwájú wọn gbangba, wọ́n ń bi ìwé léèrè bóyá èmi ni èmi."

Òfin mẹ́rìnlá ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ìyá mi ní kí n máa kà wọ́n fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa túmọ̀. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí mo fi dé ìkẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ òyìnbó gbàǹgbà kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí láyé mi. Mi ò lè pè é, ká má tíì sọ ti ìtumọ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹńfílóòpù ni wọ́n ń sọ, ìyókù ṣókùnkùn sí mi. Ìyá mi ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, "Wọ́n ní kí a lẹ ẹńfílóòpù náà dáadáa."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, Màámi."

Ó ní ṣé ká pe Ẹ̀gbọ́n kó bá wa wò ó. Ẹ̀gbọ́n ni arákùnrin tó ń gbé yàrá òkè, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ijora. Ṣe ni mo le ohùn mọ́ ọn: "Kí lẹ fẹ́ fi Ẹ̀gbọ́n ṣe? Ó yé mi!" Irọ́ ni mo pa fún ìyá mi. Ojú ló tì mí. Owó tí wọ́n ń ná lé mi lórí, gbogbo orí tí àwọn àgbàlagbà ń mì, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé mi ò mọ̀? Mo fò ó, mo bọ́ sórí ìkẹwàá.

Nígbà tí ó ku ọ̀la tí wọ́n máa ti àpótí, Ẹ̀gbọ́n mú ìda pupa tí wọ́n fi ń lẹ ìwé wá fún wa, a yọ́ ọ sẹ́yìn ẹńfílóòpù, ó sì padà sí yàrá rẹ̀. Ìyá mi gbé ẹńfílóòpù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Orúkọ mi dà?" Mo ní ó wà nínú. "Nínú kẹ̀? Ta ló ń wọ ilé àwọn àgbà tí kì í sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Kọ ọ́ síta, kí o sì bá mi kí wọn." Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó dára jù kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ó ń kí àwọn ọ̀gá, kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Inú ìyá mi dùn dọ́ba. Ó ní báyìí ló ṣe jọ ìwé ọmọlúàbí.

Aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ti àpótí náà, ní ọ́fíìsì kan ní Yaba. A débẹ̀ kí aago mọ́kànlá tó lù. Èrò ti tò. Ta la bá lórí ìlà? Kọngílá wa. Ó wò wá tìkà-tẹ̀gbin, ojú rẹ̀ wá ṣèèṣì bọ́ sára ẹńfílóòpù ìyá mi. Ó kà á. Ó bá rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ọkùnrin tí kì í kí wa mọ́ bá sún sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ bọ́ síwájú mi, Ìyá. Ẹ máa lọ jù ú sí i." Ìyá mi dúpẹ́. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo yọ ìwé òfin jáde nínú báàgì, mo tún wo ìkẹsàn-án. Mẹ́sẹ́ńjà kan tó wọ kakí jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìtumọ̀ eléyìí?" Ó fi sùúrù kà á. Ó ní, "Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí orúkọ, kò gbọdọ̀ sí àmì, kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lára ẹńfílóòpù tí èèyàn fi lè mọ ẹni tó ni ín. Kí wọ́n má baà ṣojúsàájú ni. Èyí tó bá ní orúkọ, wọn ò ní ṣí i rárá. Ṣe ni wọ́n máa jù ú nù."

Èèyàn méjì péré ló kù níwájú ìyá mi. Mo sáré bá a, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: pé ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, pé ojú tì mí láti sọ. Mo ti dijú de ìgbátí. Kò gbá mi. Ó ní, "Èmi tí mi ò mọ A, ojú ò tì mí láti bi ọ́. Ìwọ tó mọ díẹ̀, kí ló ń tì ọ́ lójú?" Ẹkún gbọ̀n mí. Ó ní, "Sunkún tó bá yá. Níbo la ti máa rí ẹńfílóòpù?"

Aago ara ògiri ti kọjá mọ́kànlá àbọ̀. A ra ẹńfílóòpù ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà lódìkejì títì, a fa ti àtijọ́ ya, a kó ìwé inú rẹ̀ sínú tuntun, mo kọ nọ́ńbà tẹ́ńdà síwájú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ku ìda pupa. Mẹ́sẹ́ńjà ti sọ pé wọn ò ní gbà á láìsí i. Ìyá mi ká ìró rẹ̀ sókè, a sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí a mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ìda lẹ páálí níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn káńtà. Ó ní, "Ìda ìjọba ni, Mà. Kì í ṣe fún ará ìta." Ìyá mi ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó tó bí i lọ́mọ, lórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo èrò!

"Háà, Mà! Ẹ dìde! Ẹ má ba tèmi jẹ́!" Àwọn tó wà lórí ìlà ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu: "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá tó ń bẹ ọ́ ni ò ń wò níran?" Ọmọkùnrin náà bá ṣáná sí ìda. Ìyá mi yọ irin kékeré tí àwọn aránṣọ máa ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn, ó fi tẹ ìda náà mọ́lẹ̀. A ti ki eré mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá kan ti gbé àgádágodo dání, ó ń wo aago. Ìyá mi pariwo, "Ẹ dákun!" Kọngílá yìí náà pariwo: "Àsìkò ti lọ! Ẹ tì í!" Ọ̀gá náà ò wo èmi, kò wo òun. Ó wo ògiri. Ó ní, "Ó ku ìṣẹ́jú kan." Nínú ìkánjú, ìyá mi ò rí ojú ihò àpótí mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwa méjèèjì la jọ tì í wọlé.

Lójú gbogbo wa ni wọ́n ti ṣí àwọn ẹńfílóòpù náà. Ọ̀kan jáde tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ kan sí lẹ́yìn. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ìda rẹ̀, wọ́n gbé e sápá kan. Bàbá tó ni ín dìde, ó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ka orúkọ ìyá mi síta, òun náà dìde, ó kí gbogbo wọn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi retí èsì. Kọngílá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò kó aṣọ kankan wá mọ́. A fi aṣọ bo maṣíìnì mẹ́ta. Ìyá mi wá ń lẹ ìdí ṣòkòtò fún àwọn awakọ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ tí a bá ń jẹun.

Ìwé dé lọ́jọ́ kan. Mo já a, mo ń kà á, mo ń túmọ̀, mo sì dé ibi ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ọ̀ràn ilé wa rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn: bóyá wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un ni o, bóyá wọn ò gbé e fún un ni o, mi ò mọ̀. Mo wo ìyá mi. Mo ní, "Màámi, mi ò mọ eléyìí." Ó wò mí títí, ó sì rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ tí nǹkan le báyẹn. Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò pa ọ́. Lọ pe Ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ létí, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó bá gbé ìyá mi sókè. Ìlàjì iṣẹ́ náà ni wọ́n fún un, ní orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò tò síwájú àpótí mọ́. Ohun gbogbo ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ìda pupa ti wọlé lọ. Lọ́jọ́ kan báyìí, ọmọ ọmọ mi ń forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Òfin gígùn kan yọ, ó fi àtàǹpàkò fà á kọjá wìì, ó fẹ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ti kà á, ó sì yé òun. Mo ní ṣé ó yé e lóòótọ́. Ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ń kà á." Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbé e fún un. Mo ní kó jókòó, kó bẹ̀rẹ̀ láti òfin kìíní, kó máa kà á sókè. Ó bínú, ó kùn, ṣùgbọ́n ó kà á. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Màmá, mi ò mọ eléyìí o."

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. A jọ dìde, a lọ wá ẹni tí a máa bi.