Ọkọ̀ Tí Mo Dorí Rẹ̀ Kodò Lọ́nà Ìyìn

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo rí ọkọ̀ iléèwé Tọ́mi ọmọ mi lórí fóònù, tí táyà rẹ̀ kọjú sókè.

Èmi ni mo ya ọkọ̀ náà. Kọ́lá, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wa ní Adébáyọ̀, ló ní kí n ya àwòrán tí àwọn òbí yóò máa fi mọ ibi tí ọkọ̀ dé. Irú àwòrán yìí kì í ṣe fọ́tò. Nọ́ńbà ni a fi ń sọ ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti fa ìlà, kì í sì í ṣe bàìbàì bí a tilẹ̀ fẹ̀ ẹ́ tó ògiri. Inú àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ la ti mú máàpù àti bọ́tìnnì. Àkójọ náà kò mọ nọ́ńbà mi lò, ni mo bá kọ adápítà sáàárín wọn, bí èyí tí a fi ń ki púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ ihò méjì.

Mo yẹ gbogbo nọ́ńbà wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwòrán gan-an ni n kò wò kó tó dé fóònù àwọn òbí.

Mo mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Àmọ́ ọkọ̀ náà tún wá dúró sójú kan, kò lọ mọ́. Mo sáré.

"Ìyá Tọ́mi, ẹ̀yin lẹ yà á o," Kọ́lá ń pè mí lẹ́yìn. Mo ti wà lórí ọ̀kadà.

Ẹ̀bá ọ̀nà Ìyìn ni mo ti bá ọkọ̀ náà, tó dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá Ràṣídì tó ń wà á kì í gbé fóònù lórí ìrìn. Òbí mọ́kànlá ti pè é, ló bá páàkì kó lè dá wọn lóhùn.

"Rárá, Mà, a ò dojú dé," ó ń sọ fún ẹnì kejìlá. "Orí mi wà lókè." Ó rí mi. "Ẹ dúró ná. Ẹni tó ya ọkọ̀ ti dé, ó wá wò ó bóyá ó jọ ọ́."

Tọ́mi yọjú ní fèrèsé. "Màmá mi, bàtà yín dà?"

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì rí ohun tó dorí ọkọ̀ kodò. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n kọ́ wa láti ka gíráàfù. Láti òkè wá sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ogójì ni gíga àwòrán mi, mo sì fi ìlà kan kún adápítà pé kó máa yọ nọ́ńbà gíga kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ogójì. Táyà ọkọ̀ padà sí ìsàlẹ̀. Kọ́lá ní kí n máa wo nǹkan kí n tó sọ pé ó ti parí, ohun tí mo sì fi ń kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ dúró dáadáa lójú fóònù. Ó dé iléèwé tán, mo ṣì pe Bàbá Ràṣídì.

"Ṣé gbogbo táyà wà nílẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Ìyá Tọ́mi. Ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́, ṣé ó wà nínú bàtà?"

Mo wo ilẹ̀ kí n tó dáhùn.