Màmá Ọjọ́-Dà àti Káàdì Tó Mọ́ Jù

Màmá Ọjọ́-Dà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, wọ́n sì rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Ọdún méjìlélógún ló ti fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé kékeré kan ní ilé ìwòsàn tó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tó ń gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bí o bá ti na káàdì sí i, kí o tó kí i tán ni yóò ti bi ọ́ pé, "Ọjọ́ dà? Ta ló fọwọ́ sí i?" Àwọn ọmọ máa ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ ò bá dun ni, ojú Màmá á dun ni.

Òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà ò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ èéyi, kó sì ti gba ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn yẹn ń gbé, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ káàdì rẹ̀ ò bá tíì yanjú títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá mú ayédèrú wá, kó máa lọ sílé nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé obìnrin yìí le, kó kọ́kọ́ bi í ní ohun tó tì mọ́ inú àpótí tábìlì rẹ̀. Káàdì kan ni. Ọdún kẹta tó dé ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan mú un wá, káàdì tó mọ́ tónítóní, Màmá sì gbà á láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àṣé ọmọ náà ò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, ẹnì kan ló bá a kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gún un níka ní wọ́ọ̀dù, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mú un, ó sì kú. Màmá sunkún rẹ̀ bí ẹni tó sunkún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ na káàdì tirẹ̀ wọlé. Káàdì náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ pé, nọ́ọ̀sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fọwọ́ sí i, ọwọ́ wọn ò sì jọra. Màmá gbé e sún mọ́ iná. Báírò kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, báírò tó ń da tàdáwà sídìí nọ́ńbà 7 kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta wo ló ń yá ara wọn ní báírò kan fún oṣù mẹ́fà? Ó fa kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá yọ. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ kẹta bọ́ sí, ọjọ́ tí wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní àjẹsára.

Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ AYÉDÈRÚ sára káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò ju kó gbé e tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó gbójú sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ káàdì yìí?"

"Bàbá mi ni, mà." Wéré ló dáhùn, bí ẹni pé wọ́n bi í ní ẹni tó ran aṣọ rẹ̀.

Ìdáhùn yẹn ló dá ọwọ́ Màmá dúró. Ó ti rí òpùrọ́ tó pọ̀ ní fèrèsé yẹn, kò sì sí èyí tó dáhùn báyẹn nínú wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ní kó mú bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

Bàbá náà ti dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ orúkọ sára pátákó ìsọ̀ àti ara ọkọ̀. Ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀, ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Wọ́n ní ẹ fẹ́ rí mi lórí káàdì ọmọ mi. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa jù, bàbá. Ohun tí mo ṣe pè yín nìyẹn."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Òrùlé wọn ló jò, omi wọ àpótí ìwé, káàdì ọmọ náà sì wú, ó dọ̀tí. Ojú tì í kí ọmọ òun mú irú ìyẹn wọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Ó bẹ̀bẹ̀ gba káàdì òfìfo kan ní ilé ìwòsàn, ó sì fi odindi ọ̀sán kan da gbogbo rẹ̀ kọ, tìfọwọ́sí-tìfọwọ́sí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, Màmá. Bí ẹ bá fi ìfọwọ́sí tiyín hàn mí báyìí, màá kọ ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ò ní mọ èyí tí ẹ kọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn létí ẹlòmíràn. Wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n." Ẹ̀rín pòórá lójú bàbá. "Ìlà kẹta ńkọ́? Ta ló gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Àìkú?"

Bàbá tẹjú mọ́ ìlà náà. "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá. Mo rò pé omi ló pa á rẹ́. Mo bá ka oṣù mẹ́fà láti orí èkíní, mo kọ ọ́ sí i, mo sì fúnra mi dá ìfọwọ́sí kan sí i."

Màmá yíjú sí ọmọ. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n gún ọ?"

"Wọ́n gún mi lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún yẹn, mà. Mo rò pé ó pé ni."

Inú bí Màmá, àánú sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó sọ̀rọ̀, bàbá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ má lé e, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀. Láti kékeré ló ti ń fi aṣọ di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbogbo wa nínú ilé, aláìsàn rẹ̀ ni gbogbo wa."

"Ẹ dìde. Káàdì àtijọ́ yẹn dà?"

Kò tíì sọ ọ́ nù. Ó sáré lọ sílé, ó gbé e dé nínú ọ̀rá. Màmá tẹ́ ẹ sábẹ́ iná, ó rọra fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Omi lè wẹ tàdáwà, ṣùgbọ́n kò lè wẹ ibi tí ẹnu báírò ti tẹ ìwé wọnú. Ìlà kìíní ní ojú ẹnu báírò, ìkejì ní. Ìlà kẹta tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí.

Bàbá náà fi ìka tirẹ̀ tọ ọ́. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun ni, ó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un.

Màmá ní kó kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú lẹ́tà. Ní Jímọ̀, ó gbé lẹ́tà náà àti káàdì méjèèjì lọ bá dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, ó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi kà á tán. Dókítà bínú, ó bú bàbá ní ìbú àgbà, ó sì ní kí wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kẹta lójú ẹsẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dé wọ́ọ̀dù títí wọn yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀. Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni wọ́n gún un.

Nígbà tí ọmọ náà ń fi òwú tẹ apá, bàbá rẹ̀ wá bá Màmá ní fèrèsé. "Màmá, ká ní ẹ gbà á lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Màmá ṣí àpótí tábìlì, ó na káàdì inú rẹ̀ sí i. Ojú iṣẹ́ ni bàbá fi wò ó.

"Ẹni tó kọ èyí mọ̀wé kọ o. Ó mọ́."

"Ó mọ́," ni Màmá wí. "Ẹni tó ni ín ti kú."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì dá káàdì náà padà, ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé pátákó kan wá kọ́ sókè fèrèsé náà. Lẹ́tà pupa ló fi kọ ọ́: BÓ TI WÙ KÓ DỌ̀TÍ TÓ, KÁÀDÌ YÍN GAN-AN NI KÍ Ẹ MÚ WÁ. Ọ̀dà ọ̀hún ò tíì gbẹ. Màmá bọ́ síta, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọjọ́ dà?" ló bi í.

Bàbá tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Kò kọ ọjọ́ òní. Jímọ̀ tí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ ló kọ.