Ẹran Àná Nínú Fódà

Ní ọdún tí ìjọba alágbádá kan ń múra láti gbé àṣẹ lé alágbádá mìíràn lọ́wọ́, obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì kan ní Oregun, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta jẹnẹrétọ̀. Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, Agége ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa dán sáìtì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ́fíìsì wọn bá ṣe wò, kí oníbàárà tó rí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé oníwà tútù ni. Irọ́ ni. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń di ìbínú sínú ni.

Sáìtì tó dá ìjà sílẹ̀ jẹ́ ti Àlàájà Ràbíátù, tó ń ta ẹran inú yìnyín ní Oko Ọba. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń rà á kì í gba ẹran wọlé láìrí ìwé dókítà ẹran ti ọjọ́ náà. Àlàájà wá ní kí wọ́n ṣe sáìtì kan fún òun, kí oníbàárà tẹ bọ́tìnnì kan, kí ìwé náà sì wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìwé yìí ń yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni fáìlì rẹ̀ ń jẹ́: Ẹran Òní.

Tinúadé ló gbọ́dọ̀ rí i pé fáìlì náà ń wọlé bó ṣe yẹ. Ó fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì yẹn títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro ó. Ló bá jókòó, ó kọ ètò kan tí yóò máa ṣí sáìtì fúnra rẹ̀, tí yóò tẹ bọ́tìnnì, tí yóò sì lọ wo fódà tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì sí, bóyá ó ti dé. Ibi tó le ni pé bí fáìlì bá ti ń bọ̀, kọ̀ǹpútà á gbé àpótí kékeré kan jáde láti béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbé e sí, ètò náà kò sì lè dá àpótí yẹn lóhùn. Ó bá a fà á títí ó fi rí bó ṣe lè tún bíráósà tí wọ́n fi ń ṣí sáìtì tò, kó má béèrè nǹkan kan mọ́, kó máa ju fáìlì sínú fódà tààrà. Lọ́jọ́ tí àmì gríìnì, tó fi hàn pé fáìlì ti dé, kọ́kọ́ yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan máòsì, orin ìjọ ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Nǹkan kan ṣì wà tí ètò náà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń wò bóyá fáìlì wà nínú fódà ni. Kò mọ̀ bóyá tòní ni tàbí tàná. Nítorí náà, ní àràárọ̀, Tinúadé á kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa gbogbo ohun tó wà nínú fódà rẹ́. Ilẹ̀ gbígbá ló ń pè é, nítorí ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìsìn lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì gbá. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò ronú àtikọ ọ́ sínú ètò náà.

Gbénró ló mú un wọ ọ́fíìsì yẹn. Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni; Bọ̀dá Gbénró ló ń pè é láti kékeré. Òun ni Tinúadé kọ́kọ́ fi ètò náà hàn, bí èèyàn ṣe ń fi nǹkan han ẹ̀gbọ́n. Kó tó di ọjọ́ ìpàdé ọ́fíìsì, Gbénró ti gbé e lọ bá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn, ó ní òun lòun kọ ọ́. Níbi ìpàdé náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń dán iṣẹ́ wò, ipò tí wọ́n ti ṣèlérí fún Tinúadé. Tinúadé wà níbẹ̀, òun náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó ká a mọ́ kọ̀rọ̀, ó ní, "Bọ̀dá Gbénró, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Tinú, tèmi tìẹ, kí ló yàtọ̀? Ta ló mú ẹ débí?"

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Tinúadé ní òun ti fi sílẹ̀. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, orúkọ Gbénró ló ń rún mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ojú ti ọkùnrin yẹn níwájú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un gan-an.

Ọjọ́ tí Àlàájà máa wá wo iṣẹ́ pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Tinúadé tẹ bọ́tìnnì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Fáìlì kankan ò wọlé. Àwọn tó ń ṣe sáìtì ti fọwọ́ kan nǹkan nírọ̀lẹ́ àná, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Ó yẹ kó pariwo. Ó wo Gbénró tó ń tún táì rẹ̀ ṣe, ó rántí pé ọkùnrin yẹn kò gbálẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti jí ètò náà, pé ẹran àná ló wà nínú fódà rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó lọ bu omi mu.

Àlàájà dé, ó jókòó, ó wọ awò ojú rẹ̀. Gbénró sọ̀rọ̀ dídùn, ó tẹ ètò náà síṣẹ́. Àmì gríìnì yọ. Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa," ni Àlàájà wí. "Ṣí ìwé náà kí n rí i."

Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí Gbénró ṣí i rí. Lójú tirẹ̀, bí gríìnì bá ti yọ, iṣẹ́ ti parí. Ó ṣí i. Àlàájà kò wo òǹtẹ̀, kò wo orúkọ dókítà. Ohun tí gbogbo ẹlẹ́ran máa ń kọ́kọ́ béèrè ló wò, ọjọ́ tí wọ́n pa màlúù.

"Ẹran àná nìyí," ó ní. "Mo ti tà á tán. Ṣé èyí ni kí n fi ránṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n wá fi ọlọ́pàá mú mi?"

Òógùn bo Gbénró. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Tinúadé ló kọ ọ́, sà," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni. Èmi kàn gbé e wá ni."

Tinúadé dìde. "Òótọ́ ni, sà. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo dúpẹ́ pé Bọ̀dá Gbénró fẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú gbogbo yín." Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ohun tó wà nínú fódà rẹ́, ó sì tún ètò náà tẹ̀. Àmì pupa yọ. "Ètò yìí kì í purọ́, mà, bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ fún un. Sáìtì ló ti bàjẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná."

Àlàájà yọ awò ojú. "O ti mọ̀ láti àárọ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"O sì jẹ́ kó rìn wọ inú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àlàájà yíjú sí ọ̀gá wọn. "Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn, ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ fi sídìí iṣẹ́ mi. Ìwọ ọmọ yìí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣẹ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn fẹ́ lé Gbénró lọ. Ìyá Gbénró sunkún lọ bá ìyá Tinúadé, ìyá náà sì fi fóònù bẹ ọmọ rẹ̀. Tinúadé fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá pé kó jẹ́ kó dúró. Gbogbo ọ́fíìsì ń yìn ín pé ó láàánú. Ó ní iṣẹ́ kan wà tóun fẹ́ kí Gbénró máa bá òun ṣe: kó máa dé ṣáájú òun láràárọ̀, kó máa gbálẹ̀ fódà.

Ìlà kan ṣoṣo ni Tinúadé lè kọ sínú ètò náà tí yóò máa gbá ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ó mọ ìlà náà. Kò kọ ọ́.

Bó bá ti wọlé, tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, Gbénró á dìde dúró. "Mo ti gbálẹ̀, mà."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá Gbénró," á wí, á sì ṣí fódà náà wò bóyá ó mọ́.