Parẹ́ Kì Í Ṣe Pamọ́

Ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows nínú láptọ́ọ̀pù Mọ́mì kò lè kúrò lọ́kàn mi, torí etí mi ṣì ń dùn mí. Linux bi mí pé èdè wo ni mo fẹ́. Èmi ọmọ Tukur-Tukur nílẹ̀ Hausa, tí Hausa dá ṣáká lẹ́nu mi, mo ṣe fáàrí, mo yan Yorùbá.

Ó ní: "Ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́?"

Mo rò pé pamọ́ ló ń wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mọ́mì dé, wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù. "Ìwé tí mo fi ọdún méjì kọ dà?"

"Ó ti bá yín pa á rẹ́, mà."

Mọ́mì tí àwọn fúnra wọn ka Hausa léèwọ̀ nílé figbe ta: "Wayyo Allah!" Wọ́n di etí mi mú, wọ́n fà á.

Àwọn ló ní kí n kọ àròkọ yìí, kí n sì pa á mọ́. Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo ní kí wọ́n tún un sọ.