"Mo Pa Á": Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Fọ́ Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìdí ìbọn ni wọ́n fi fọ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo Kétu ń sọ lójoojúmọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ yẹn ló fi ń fa ayùn, òun náà ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ Faransé ò tíì dàgbà nígbà náà. Yunifásítì ni mo wà, mo wálé fún ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ti ra alùpùpù àlòkù kan tó fi ń ru pákó lọ sí abúlé Okpomèta, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan òkè, ńṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ni ó bá tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó yọ irin inú ọ̀pá èéfín dànù. Ó tú kabúrátọ̀, níbi tí ẹ̀sáńsì ti ń pàdé afẹ́fẹ́, ó sì fi ìṣó fẹ ihò idẹ kékeré tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ju tàná lọ," ó ní, "ṣé kò ní jẹun ju tàná lọ ni?"

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gùn ún jáde, gbàù gbàù ló ń dún bí ìbọn ọdẹ. Ọjọ́ kejì ni mo bá ẹ̀gbọ́n lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbá alùpùpù náà, kò dáhùn. Ó tún gbá a. Irin tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ta padà, ó bó o lójúgun, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú òòlù.

"Màá fọ́ orí ẹ lónìí!"

"Ẹ wá o, ọkọ mi," ìyàwó rẹ̀ ké sí mi láti ìdí ààrò. "Ẹ gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Irin ló ń bá jà, irin ò sì ní àbúrò tó máa bẹ̀ ẹ́."

Mo gba òòlù. Mo tú bùjí, irin tó ń ṣáná nínú ẹ̀rọ. Ó tutù rinrin, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo nù ún, mo fi kan ara ẹ̀rọ, mo ní kí ẹ̀gbọ́n gbá a: iná ta pàù. Kì í ṣe iná ló sọnù nìyẹn. Mo yọ rọ́bà tí ẹ̀sáńsì ń gbà: ó ń ṣàn. Mo wá yọ idẹ náà. Ihò tí abẹ́rẹ́ ò yẹ kó gbà, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gba inú rẹ̀ kọjá fàà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bu ẹ̀sáńsì fún un mu yó. Kò ráyè mí."

"Kò ní jí mọ́ nìyẹn?"

"Á jí. Ẹ jẹ́ ká fi òjé dín ihò yìí kù."

Òjé ṣì ń yọ́ lórí ẹyin iná nígbà tí wọ́n pè wá sójúde. Ẹ̀gbọ́n mú idẹ náà dání lọ; mo tẹ̀lé e. Mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ tí kì í sọ ju Faransé, ẹ̀ṣọ́ kan tó gbé ìbọn, àti ògbufọ̀ ará etí òkun tó kọ́ èdè wa lọ́jà. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìbéèrè ni ògbufọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló ń dún bí ìbọn lójú ọ̀nà lánàá?"

"Èmi mà ni," ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, mo bá pa á."

"O pa á?"

"Lábẹ́ igi oṣè. Láti ìgbà yẹn kò jí mọ́. Mo wọ́ ọ sínú igbó, mo fi ewé bò ó nítorí oòrùn, mo wá lọ wá ẹni tó máa bá mi gbé e."

"Ibo ló wà báyìí?"

"Àbúrò mi yìí ti tú u sí wẹ́wẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń dùn mí dòní pé mo rẹ́rìn-ín.

Ògbufọ̀ kọjú sí ọ̀gá. Mo gbọ́ Faransé rẹ̀ dáadáa: ọkùnrin yìí pa á, ó wọ́ ọ sínú igbó, àbúrò rẹ̀ gé e wẹ́wẹ́. Faransé ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń pa ènìyàn. Èyí tí wọ́n fi ń pa ènìyàn ló mú. Àwa ń pa iná, a ń pa ilẹ̀kùn dé, a ń pa àlọ́; ta ló kú níbẹ̀?

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wá sọ ọ́: aṣọ́bodè kan ti sọnù láti àná.

"Alùpùpù ni!" mo fi Faransé kígbe. "Ó wà lẹ́yìn ilé, ẹ wá wò ó!"

"Ta ló bi ọ́ léèrè, akẹ́kọ̀ọ́?" ọ̀gá jágbe.

Ìdí ìbọn bà mí lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na idẹ náà sí wọn, "Èyí ló fà á, ẹ wò ó." Wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó tí ẹ̀gbọ́n ti fá sójúde, ẹ̀ṣọ́ sì gún un bí ẹni ń gúnyán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ní ẹ̀ẹ̀kejì ni mo gbọ́ egungun.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọrogùn sáré jáde. Wọ́n ta á nípàá níkùn.

"Ẹ pa mí o!" ó ké. "Ẹ ti pa mí o!"

Ògbufọ̀ ò túmọ̀ ìyẹn. Ó mọ̀ pé kò kú.

Wọ́n kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí àgọ́ wọn. Níbẹ̀, wọ́n gbá a lójú títí ojú fi wú pa, wọ́n wá mú àtàǹpàkò ọwọ́ tó ti fọ́ yẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó sọ pé ó pa ènìyàn. Ọjọ́ kẹta, aṣọ́bodè náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà dé láti ilé obìnrin kan lẹ́yìn ibodè. Wọ́n ní kí a máa lọ, kí a sì dúpẹ́. Oníṣègùn eegun ṣe títí. Ìka mẹ́ta ò ká mọ́. Kò lè di ayùn mú.

Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn ní Faransé tí kò ní àṣìṣe kan. Èsì ò wá.

Nítorí náà, ìwọ ògbufọ̀: bí o bá mọ̀ pé "ẹ pa mí" kì í ṣe òkú, kí ló dé tí "mo pa á" fi di òkú lẹ́nu rẹ? Ìwọ ọ̀gá: ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti ojúde dé ẹ̀yìnkùlé, tí o ò lè rìn ín kí o tó ní kí wọ́n lu ènìyàn? Ìwé tó pe ẹ̀gbọ́n mi ní apààyàn ṣì wà lọ́wọ́ yín: ta ló kọ ọ́, ta ló tẹ ìka rẹ̀ sí i, ọjọ́ wo sì ni ẹ máa fà á ya lójú rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn.