Bàtà Orí Pẹpẹ Ìsàlẹ̀

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí aránbàtà náà ti mọ òkè yẹn láìtíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ló fi mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí àwọn tó fẹ́ rin òkè ti máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ti àwọn ti ẹsẹ̀ wíwú àti bàtà tó ti la ẹnu. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á bọ́ bàtà, òun á yí i lójú dé, á wò ó fínnífínní. Bí ó bá rí ilẹ̀ pupa nínú ojú rírán, á ní, "Òjò pa yín lọ́jọ́ kejì." Bí etí àtẹ́lẹ̀ bá ti jẹ lápá òsì, á ní, "Ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ gbà, ẹ ò gba inú igbó." Ẹnu á ya àwọn èèyàn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ó ti gun òkè yẹn ju àwọn lọ, òun náà ò sì tún èrò wọn ṣe.

Ó mọ ilé èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lójú ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń sùn sí lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ti àkọ́kọ́, létí igbó; pé ahéré onípákó ni ìkejì, lókè pátápátá níbi tí kùrukùru kì í tètè ká; pé ìkẹta wà ní àfonífojì lódìkejì, àti pé ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Ẹnu àwọn oníbàárà ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Pẹpẹ mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ti òkè wà fún bàtà tó ti parí, ti àárín wà fún èyí tí iṣẹ́ ń lọ lára rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ti ilé ni: bàtà ìyàwó, bàtà ọmọ, bàtà àbúrò, títí kan tirẹ̀ gan-an. Òfin rẹ̀ ni pé oníbàárà ló ń ṣíwájú, ará ilé á dúró. "Ṣé èmi náà máa sá kúrò nílé ni?" ló máa ń wí. Lójú títì, Ọ̀gá Àdéhùn ni wọ́n ń pè é, torí pé kò yẹ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nílé, Bàbá Ó-Dọ̀la ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Ẹ̀rín ló fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ti kọjá báyìí tí ìyàwó náà ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti di tísà ní ìlú míì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n á béèrè ojú ọjọ́ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á béèrè oúnjẹ, lẹ́yìn náà wọ́n á ní ó dàárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn, títí di ọjọ́ Àìkú kan tí ọmọ náà ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ rin òkè yẹn nígbà ìsinmi. Ẹ bá mi lọ."

"Èmi? Ti èmi ti orúnkún yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń royìn rẹ̀ ṣáá."

"Ó dáa, jẹ́ n kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ bá ṣe..."

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ló bá dákẹ́. Ó yé aránbàtà yéké pé tí òun bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, ọmọ náà kò ní bi òun mọ́ láé. Kò ní bínú. Á kàn máa pè lọ́jọ́ Àìkú, á máa béèrè ojú ọjọ́, títí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì á fi kú. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù.

"Màá lọ," ló wí. "Ọjọ́ wo ni?"

Ó ní awọ kan tó ti ń fi pa mọ́ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, awọ tó nípọn tó sì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ó pinnu pé bàtà òkè òun lòun máa fi rán. Ó gé e lọ́jọ́ kan náà, ó sì gbé e sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, níbi tí bàtà ilé ń wà. Oníbàárà kan wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá bí eré. Ọjọ́ tó ṣíwájú ìrìn-àjò ló tó rán bàtà náà parí. Ọkùnrin tó ti ń sọ fún gbogbo ayé láti ọgbọ̀n ọdún pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà fún oṣù kan ná," òun ló wọ bàtà tí kò tíì rìn dé ìkángun òpópónà, tó fi kọjú sí òkè.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni gìgísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta á. Kò sọ. Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ni kò jẹ́ kó sọ. Ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ inú igbó ló ti ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nípa ọ̀gá iléèwé kan tó ń fi rúlà wọn gígùn irun àwọn tísà. Bí ọ̀nà bá yí, á dúró dè é, á sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ láti ibi tó ti já. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá fi lè jókòó lórí òkúta kan láti bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Nílé èrò àkọ́kọ́, òun ló kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀, òun ló sì kẹ́yìn jáde. Ó ya etí ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó fi di ẹsẹ̀. Nídìí oúnjẹ, wọ́n pàdé ọkùnrin sísanra kan, awakọ̀ ojú irin, tó ní láti ọdún mọ́kànlélógún tí òun ti ń wa ọkọ̀ kọjá lábẹ́ òkè yìí, òun fẹ́ mọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

"Ó lè má sí nǹkan kan níbẹ̀ o," aránbàtà wí.

"Bí kò bá sí nǹkan kan, ìyẹn náà á yé mi. Iṣẹ́ á wá rọ̀ mí lọ́rùn."

Lọ́jọ́ kejì, òjò dé. Ọ̀nà di ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa tó ti ń fi abẹ́rẹ́ tú kúrò nínú bàtà àwọn oníbàárà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó bù ú, ó fi ìka méjì pa á wò. "Ìwọ nìyí," ló wí lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ nàró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó díbọ́n bí ẹni tó ń wo òdòdó.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí wọ́n dé ahéré onípákó. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ so kọ́kọ́rọ́ bíi mẹ́wàá mọ́ ìdí, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn méjì péré ló wà nínú ilé náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ewu òjò. Bàtà kankan kì í kọjá ibí yìí. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wọ sílípáàsì, ẹ wá yáná."

Ọmọ náà bọ́ tirẹ̀, ó wọlé. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Ó ní òun fẹ́ wo òkè díẹ̀ ná.

"Òkè wo, nínú kùrukùru yìí?" ìyá oníkọ́kọ́rọ́ béèrè.

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ wò."

Obìnrin náà wò ó, ó wo bàtà rẹ̀. Ó wọlé lọ.

Bó ṣe jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbé bàtà ọmọ rẹ̀ láìrò ó. Ó yí i lójú dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹnì kan ti rán an rí, kì í sì í ṣe òun. Ó fi èékánná tọ ojú rírán náà lọ, ó tọ̀ ọ́ padà. Nígbà tí ọmọ náà gbé tíì jáde fún un, ó bá a tó gbé bàtà náà sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn.

"Ta ló rán an?"

"Ọkùnrin kan tó wà níwájú iléèwé wa."

"Kò fi ìda pa òwú rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ mọ̀. Kí ló wá dé tí o ò gbé e wá fún mi?"

Ọmọ náà jókòó tì í, ó gbé tíì náà sáàárín wọn. "Bàbá, ẹ rántí ọdún tí wọ́n fún mi lẹ́bùn ìṣirò? Mo gbé bàtà iléèwé mi fún yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ní ó di ọ̀la. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, bàtà màmá ni mo wọ̀ lọ. Mo ki bébà sí i níwájú. Mo gun orí pèpéle báyìí, ọ̀kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ó já bọ́ sáàárín àwọn òbí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé bàtà wá fún yín mọ́. Ẹ ò sì béèrè."

Òótọ́ ni, kò béèrè. Ohun tó rò ni pé bàtà ọmọ òun kì í bàjẹ́. Ó tiẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà. "Ọmọ tèmi mọ ẹsẹ̀ gbé," ló máa ń wí fún wọn.

"Sàǹdáàlì màmá ń kọ́?" ọmọ náà béèrè, láìwò ó lójú. "Ó ṣì wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀."

"Mo ti rán an."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín."

Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ọ.

Awakọ̀ ojú irin, tó ti ṣáájú wọn dé, ló jáde síta, ó fi ìka méjì gbé bàtà rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà dání. "Ẹ̀gbọ́n, Tísà ní aránbàtà ni yín. Ẹ gbà mí. Bàtà yìí ti la ẹnu, àtàárọ̀ ló ti ń bá mi wíjọ́."

Aránbàtà na ọwọ́ láti gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ló na ọwọ́ yẹn. Àfi bó ṣe tún fà á padà. "Ẹ gbé e sílẹ̀ lápá ọ̀hún, àbúrò. Ẹ máa dúró o. Ti ọmọ mi ló kàn."

Ọmọ náà ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ bó ṣe ń tú àpò, tó ń yọ abẹ́rẹ́ ńlá, ìda àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí pákó tútù níwájú rẹ̀.

"Tèmi kọ́ ló kàn, Bàbá. Ẹ na ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ ti ń wọ́ láti àná. Ṣé ẹ rò pé torí kí n lè rí igbó ni mo ṣe ń dúró ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí?"

Ó tú okùn náà fúnra rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Ìléròrò méjèèjì ti bẹ́, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà. Ìyá oníkọ́kọ́rọ́ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gbé oúnjẹ máa dé láàárọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbé e mọ́ lè bá a sọ̀ kalẹ̀.

"A máa jọ sọ̀ ni," ọmọ náà wí. "Kò sí wàhálà níbẹ̀. A ti rin ọjọ́ méjì."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni aránbàtà gbọ́ nínú rẹ̀ ohùn tó máa ń béèrè ojú ọjọ́.

"Rárá," ló wí. "Bàtà yìí ló ń dá wa dúró. Gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò." Ó gbé ọ̀bẹ náà, ó nà án sí i. "Èmi ò lè gé e. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tọ́jú awọ yẹn."

"Bàbá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n gé."

"Màá kọ́ ọ. Gbé àtàńpàkò síbí. Fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, má fi agbára tì í. Jẹ́ kí ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀."

"Ó ń wọ́."

"Jẹ́ kó wọ́. Ẹsẹ̀ èmi ni, kì í ṣe ti ọba."

Ó gé e. Apá kan ga ju èkejì, eteetí rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ fi ìka tọ̀ ọ́ yíká, ó mi orí, kò bá a tún un ṣe. Ìyẹn parí kó tó gbé ti ọmọ náà, ó fi ìda pa òwú nígbà mẹ́ta, ó sì rán an. Wọ́n ti ń gbé búrẹ́dì àti ẹ̀wà sílẹ̀ nígbà tó tó kan awakọ̀ ojú irin, tó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn kiri tó ń ráhùn pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú lórí òkè yìí.

Láàárọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì padà lófìfo. Awakọ̀ ojú irin bọ́ síwájú. Bàbá àti ọmọ ló kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ni ọmọ náà ń rìn, ojú rẹ̀ wà lára gìgísẹ̀ bàbá rẹ̀ tí aṣọ funfun wé. Bàtà náà ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ pàpà, pàpà, bíi ti ẹni tó ń bọ̀ láti balùwẹ̀.

"Ọ̀gá iléèwé yín yẹn," bàbá náà wí láìbojúwẹ̀yìn. "Nígbà tó wọn irun tìrẹ, kí ló wá sọ?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé àfonífojì. Ìlẹ̀kùn ilé èrò ìkẹta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ sáyà. Ó ní ọkùnrin sísanra kan ti ń yọ òun lẹ́nu láti ọ̀sán pé òun ò gbọdọ̀ tì í, pé bàbá kan tí bàtà rẹ̀ ò ní ẹ̀yìn ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ aránbàtà, ó wo bí wọ́n ṣe gé awọ tó dáa báyẹn wúruwùru.

"Ta ló ba bàtà olówó iyebíye yìí jẹ́?"

Aránbàtà bọ́ ọ̀kan, ó gbé e sókè kí obìnrin náà lè rí i dáadáa, bó ṣe máa ń gbé iṣẹ́ tó bá wù ú han oníbàárà.

"Ọmọ mi ni," ló wí. "Òun ló gé e."